Ìfọwọ́sọ̀yà tí Ẹnu kò Sọ

Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìdúnàádúrà Yorùbá. Òǹtajà a máa yin ọjà rẹ̀, òǹrajà a máa bù ú kù; ti ibí a pe owó gọbọi, ti ọ̀hún a dá a sí ìdajì; wọn a fi ọ̀rọ̀ ilé, ọ̀rọ̀ ọmọ àti ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ là á láàrin, títí owó yóò fi wọ̀, tí òǹrajà yóò sì béèrè èènì. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá dúró tì wọ́n láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ó ṣọ̀wọ́n kí ó tó gbọ́ pé ẹni tí ń ra iṣu wí fún ẹni tí ń tà á pé, "Ìyá, ẹ ṣèlérí fún mi pé iṣu yìí kò jẹrà nínú." Ẹni tí ń ra àtùpà kì í béèrè bóyá yóò tàn, ẹni tí ń ra agboòrùn kì í béèrè bóyá òjò yóò gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ó bá tilẹ̀ béèrè, òǹtajà lè fa ojú ro, kí ó wí pé, "Ṣé olè ni ẹ pè mí ni?" Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò bójú mu, nítorí pé ìdáhùn rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí àwọn méjèèjì tó kí ara wọn.

Ìdákẹ́ yìí ni ó ti ń fa ẹjọ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Nígbà tí iṣu bá dé ilé, tí a fi ọ̀bẹ là á, tí inú rẹ̀ dúdú bí èédú, ta ni yóò ru àdánù náà? Ọ̀nà méjì ni ènìyàn lè gbà túmọ̀ ìdákẹ́. Ẹnì kan lè wí pé ohun tí ẹnu kò sọ, ẹnu kò ṣèlérí rẹ̀. Òǹrajà ní ojú, kí ó fi wo ohun tí ó ń rà. Ẹlòmíràn lè wí pé bí a bá ti pàtẹ ọjà fún títà, pípàtẹ rẹ̀ pàápàá ti sọ̀rọ̀: ó ti sọ pé ohun tí a fi iṣu pè, iṣu jíjẹ ni. Ìtumọ̀ kìíní ni àwọn adájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ dì mú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀ọ́dúnrún ọdún kí òfin wọn tó kúrò nínú rẹ̀ bọ́ sínú èkejì. Ìtàn ìrìn-àjò náà kì í sì í ṣe ìtàn àwọn Gẹ̀ẹ́sì nìkan, nítorí pé òfin tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀ jáde bá ọkọ̀ ìjọba amúnisìn dé ilẹ̀ Nàìjíríà, ó sì kan ẹni tí ń nájà ní Dùgbẹ̀ títí di òní.

Ní ọdún 1603, ẹjọ́ kan wáyé láàrin Chandelor, alágbẹ̀dẹ wúrà, àti Lopus tí ó ra òkúta kan lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn (£100). Chandelor pe òkúta náà ní bezoar. Inú ikùn àwọn ẹranko kan ni irú òkúta bẹ́ẹ̀ ti ń jáde, àwọn ará ìgbà náà sì gbàgbọ́ pé ó lè pa oró májèlé. Owó ńlá ni £100 nígbà náà. Lopus wá wí pé òkúta tí òun rà kì í ṣe bezoar rárá, ó sì pe ẹjọ́. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn adájọ́ dá a pé ẹjọ́ rẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n gbà pé Chandelor sọ pé bezoar ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ní sísọ yàtọ̀ sí fífọwọ́sọ̀yà. Níwọ̀n ìgbà tí kò ti fi ọwọ́ sọ àyà pé òun ṣe onígbọ̀wọ́ fún òkúta náà, ohun tí ó sọ kò ju ìyìn tí olúkúlùkù ọlọ́jà ń yin ọjà rẹ̀ lọ. Bí ọ̀rọ̀ tí ẹnu sọ kò bá ràn òǹrajà lọ́wọ́, kí ni ìdákẹ́ yóò ṣe fún un?

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní gbólóhùn èdè Látìn kan fún ìlànà yìí, caveat emptor, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ pé kí òǹrajà ṣọ́ ara rẹ̀. Yorùbá náà kò ṣàì ní irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ìlànà náà kì í sì í ṣe ti òmùgọ̀. Ní àkókò tí ọjà kò ju ẹran, ọkà, aṣọ àti irin iṣẹ́ lọ, tí òǹtajà àti òǹrajà sì dúró kojú ara wọn, ohun tí ó wà lójú ni wọ́n ń nájà lé lórí. A lè la ẹnu ẹṣin wo eyín rẹ̀. A lè fi ọwọ́ ra aṣọ wò, kí a fi eyín gé hóró ẹ̀wà kan, kí a gbé adìẹ sókè kí a mọ bí ó ti wúwo sí. Ẹni tí kò bá wo ohun tí ojú lè rí, tí ó wá ń ké nígbà tí ó délé, òun ni ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ojú ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Nígbà tí òwò orí òkun gbilẹ̀, tí àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí ra ẹrù tí ó ṣì wà ní ilẹ̀ òkèèrè, òǹrajà a máa san owó lórí ohun tí kò tí ì fojú kàn. Ní ọdún 1815, ẹjọ́ Gardiner àti Gray dé iwájú adájọ́ àgbà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Lord Ellenborough. Ìdọ̀tí òwú ṣẹ́dà, àpò méjìlá, ni wọ́n tà. Nígbà tí ó dé, kò wúlò fún iṣẹ́ tí a ń fi irú rẹ̀ ṣe. Adájọ́ náà là á mọ́lẹ̀ pé níbi tí òǹrajà kò ti ní àǹfààní láti yẹ ọjà wò, ìlànà kí-ó-ṣọ́-ara-rẹ̀ kò lè múlẹ̀. Ó ní ọjà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí ó ṣe é tà ní ọjà lábẹ́ orúkọ tí a fi pè é, nítorí pé kò sí ẹni tí í san owó ra ẹrù láti lọ dà á sórí ààtàn. Ọ̀rọ̀ ààtàn yìí ni ó ṣí ojú òfin. Adájọ́ náà kò wá ìlérí kan tí Gray fi ẹnu ṣe. Ó wo ìdí tí ènìyàn fi ń rajà, ó sì rí ìlérí náà níbẹ̀.

Láti ìgbà náà lọ, ẹjọ́ ń gun orí ẹjọ́, títí Sir Mackenzie Chalmers fi kó gbogbo ìdájọ́ wọ̀nyí jọ sínú àkọsílẹ̀ kan, tí ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì sọ ọ́ di Òfin Ọjà Títà ti ọdún 1893. Abala kẹrìnlá òfin náà ni ọkàn ọ̀rọ̀ yìí. Òfin náà kọ́kọ́ tẹ̀lé àṣà àtijọ́, ó ní kò sí ìlérí kankan tí a kò sọ nípa bí ọjà ti dára tó. Lẹ́yìn náà ni ó wá mú àwọn ohun kan kúrò lábẹ́ àṣà náà, ohun tí ó mú kúrò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ohun tí ó fi sílẹ̀ lọ. Èkíní: bí òǹrajà bá jẹ́ kí òǹtajà mọ iṣẹ́ tí òun fẹ́ fi ọjà ṣe, yálà ó fi ẹnu sọ ọ́ tàbí ọ̀rọ̀ náà hàn gbangba, tí ó sì gbẹ́kẹ̀ lé ìmọ̀ òǹtajà, tí ọjà náà sì jẹ́ irú èyí tí òǹtajà ń tà, a jẹ́ pé ọjà náà gbọ́dọ̀ yẹ fún iṣẹ́ náà. Èkejì: bí a bá fi orúkọ tàbí àpèjúwe ra ọjà lọ́wọ́ ẹni tí ń tà irú rẹ̀, ọjà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ojúlówó tí ó ṣe é gbé sórí àtẹ. Abala kẹtàlá ti kọ́kọ́ sọ pé ọjà gbọ́dọ̀ bá àpèjúwe rẹ̀ mu. Abala kẹẹ̀ẹ́dógún sì sọ pé bí a bá fi àpẹẹrẹ díẹ̀ ta púpọ̀, púpọ̀ náà gbọ́dọ̀ rí bí àpẹẹrẹ.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ìyàtọ̀ kan sọ́kàn níhìn-ín. Nínú ìsọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ènìyàn lè pe gbogbo ìwọ̀nyí ní ìfọwọ́sọ̀yà. Òfin ọdún 1893 ya ìlérí sí oríṣi méjì. Májẹ̀mú ni ìlérí tí ó jẹ́ ìpìlẹ̀ òwò náà. Bí ó bá yẹ̀, òǹrajà lè kọ ọjà, kí ó gba owó rẹ̀ padà. Ìfọwọ́sọ̀yà ni ìlérí tí ó fara ti òwò náà lẹ́gbẹ̀ẹ́; bí ó bá yẹ̀, ọjà ti di ti òǹrajà, owó gbà-máà-bínú nìkan ni ó lè béèrè. Májẹ̀mú ni òfin pe ìlérí nípa ìdára ọjà. Èyí fi hàn bí ó ti wúwo tó lójú àwọn aṣòfin: iṣu tí ó jẹrà nínú kì í ṣe iṣu tí ó ní àlébù díẹ̀, kì í ṣe ohun tí wọ́n ná rárá.

Ẹjọ́ kan ń bẹ tí ó fi gbogbo èyí hàn ju bí àlàyé ti lè ṣe lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 1931, dókítà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Grant, ní ìlú Adelaide, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, wọ ilé ìtajà kan, ó ra àwọ̀tẹ́lẹ̀ tí a fi irun àgùntàn hun. Ìgbà òtútù ni àkókò náà jẹ́ níbẹ̀. Ó wo aṣọ náà, ó dára lójú, ó rọ̀ lọ́wọ́, ó san owó rẹ̀. Ní òpin oṣù náà ó wọ ọ̀kan ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí yún un. Ní ọjọ́ kejì, ibi tí ó ń yún un pọ́n. Kò fura sí aṣọ; ta ni yóò fura sí àwọ̀tẹ́lẹ̀? Ó ń wọ̀ ọ́ lọ, ara rẹ̀ sì ń bó sí i, títí oníṣègùn awọ ara fi sọ fún un pé kí ó bọ́ aṣọ náà sọnù. Ó ti pẹ́ jù. Àìsàn náà gba gbogbo ara rẹ̀, ó dá a sórí ibùsùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́tàdínlógún, ẹ̀mí rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Ó lọ sinmi ní New Zealand, ó padà, àìsàn náà tún dá a wólẹ̀, ó tún di èrò ilé ìwòsàn fún oṣù púpọ̀ ní ọdún 1932.

Nígbà tí wọ́n tú ọ̀rọ̀ náà wò, èròjà tí wọ́n fi ń tọ́jú irun àgùntàn ní ilé iṣẹ́, èyí tí í ṣe ti imí-ọjọ́, ni wọ́n ní wọn kò fọ̀ kúrò tán nínú aṣọ náà. Òógùn ara ni ó tú u, tí ó sì di oró lára ẹni tí ó wọ̀ ọ́. Grant pe ẹni tí ó ta aṣọ fún un, ó sì pe ilé iṣẹ́ tí ó hun ún. Ogún ọjọ́ ni wọ́n fi gbọ́ ẹjọ́ náà ní ilé ẹjọ́ kìíní, adájọ́ sì ní kí wọ́n san £2,450 fún un gẹ́gẹ́ bí owó gbà-máà-bínú. Àwọn olùjẹ́jọ́ pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ilé ẹjọ́ gíga ilẹ̀ Ọsirélíà yí ìdájọ́ náà padà ní ọdún 1933. Grant kò juwọ́ sílẹ̀. Ó gbé ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù, sí iwájú ìgbìmọ̀ àwọn adájọ́ ọba tí à ń pè ní Privy Council, àwọn yẹn sì dá a láre ní oṣù kẹwàá ọdún 1935.

Ìdájọ́ tí Lord Wright kà ní ọjọ́ náà ni àwọn olùkọ́ òfin ṣì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Olùjẹ́jọ́ ní Grant kò sọ iṣẹ́ tí ó fẹ́ fi aṣọ náà ṣe. Ìdáhùn adájọ́ ni pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni àwọ̀tẹ́lẹ̀ ní, kí a wọ̀ ọ́ mọ́ ara ni. Kò sí ìdí tí ènìyàn fi ní láti sọ ọ́. Olùjẹ́jọ́ ní kò sọ pé òun gbẹ́kẹ̀ lé ìmọ̀ òǹtajà. Adájọ́ ní ìgbẹ́kẹ̀lé kì í sábà ti ẹnu jáde. Ẹni tí ó wọ ilé ìtajà wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ọlọ́jà ti fi òye ṣa ohun tí ó kó sórí àtẹ. Olùjẹ́jọ́ ní Grant rí aṣọ náà kí ó tó rà á, nítorí náà kì í ṣe àpèjúwe ni ó fi rà á. Adájọ́ ní rírí kò pa àpèjúwe rẹ́: ohun tí ó wà lórí káńtà náà ni ó rà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó rà á nítorí pé àwọ̀tẹ́lẹ̀ ni. Àlébù náà fara pamọ́. Kò sí bí ojú tàbí ọwọ́ ti lè mọ̀ ọ́n. Olùjẹ́jọ́ tún wí pé aṣọ irú rẹ̀ tí ó ju mílíọ̀nù mẹ́rin lọ ni ilé iṣẹ́ náà ti ṣe, tí ẹnikẹ́ni kò ráhùn. Àwọn adájọ́ kò ka èyí sí ìdí tí ẹni tí tirẹ̀ ní oró fi níláti pa ẹnu mọ́.

Ibi tí ó ta kókó jù lọ nínú ẹjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ta aṣọ. Kì í ṣe òun ni ó hun ún. Kò fi èròjà kankan sí i. Bí ó ti wù kí ó la ojú tó, kò lè rí oró tí ó wà nínú òwú. Olóòótọ́ ọlọ́jà ni, síbẹ̀ òfin ní kí ó sanwó. Ó rọrùn kí ènìyàn kẹ́dùn fún un, ó sì rọrùn kí ènìyàn wí pé òfin rorò. Ṣùgbọ́n bí a bá dá a sílẹ̀, ta ni yóò ru ẹrù náà? Grant kò mọ ilé iṣẹ́ tí ó hun aṣọ, kò bá wọn ná owó. Ọlọ́jà mọ̀ wọ́n, ó sì ń bá wọn ṣòwò. Ìwé ìdúnàádúrà kan náà tí ó so Grant mọ́ ọlọ́jà so ọlọ́jà mọ́ ẹni tí ó ti gbà á, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù náà yóò máa padà sẹ́yìn láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí yóò fi kan ẹni tí ó dá àlébù sílẹ̀. Ìlérí ni òfin ń bi ọlọ́jà léèrè. Kò pè é ní ọ̀daràn. Ẹni tí ó jẹ èrè lórí ìgbẹ́kẹ̀lé kò lè sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n rí nígbà tí ìgbẹ́kẹ̀lé náà bá já.

Ó yẹ kí a fi ọ̀ràn ilé iṣẹ́ sí ààyè tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí ó hun aṣọ kò bá Grant dúnàádúrà, nítorí náà òfin ọjà títà kò lè mú un. Ohun tí ó mú un ni ìlànà tí ẹjọ́ mìíràn fi lélẹ̀ ní ọdún 1932, ẹjọ́ obìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Donoghue, tí ó wí pé òun bá òkú ìgbín tí ó ti jẹrà nínú ìgò ohun mímu ní ìlú Paisley, ní Sìkọ́tílándì, ní ọdún 1928. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó ra ohun mímu náà fún un, kò sì sí ọjà kankan láàrin òun àti ẹni tí ó tà á. Àwọn adájọ́ àgbà dá a pé ẹni tí ó ṣe ohun jíjẹ tàbí mímu tí ó sì dé e pa, gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún ẹni tí yóò lò ó níkẹyìn. Àìbìkítà ni wọ́n ń bá ẹni tí ó ṣe ọjà wí lé lórí. Ẹni tí ó tà á, ìlérí rẹ̀ ni ó dè é.

Ìlérí náà kò sì gbòòrò títí tí yóò fi bo gbogbo nǹkan. Bí òǹrajà bá yẹ ọjà wò, òfin kò gbèjà rẹ̀ lórí àlébù tí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ yẹ kí ó ti fi hàn án. Ẹni tí kì í ṣe ọlọ́jà, tí ó kàn ta àga ilé rẹ̀ fún aládùúgbò, kò sí lábẹ́ ìlérí ìdára yìí. Ọjà àlòkù náà ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Ní ọdún 1965, ẹjọ́ Bartlett kan wáyé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ọkọ̀ àlòkù. Wọ́n ti sọ fún un pé ẹ̀yà ọkọ̀ náà kan fẹ́ àtúnṣe, wọ́n sì dín owó kù nítorí rẹ̀. Àtúnṣe náà wá gba owó ju bí ó ti rò lọ. Lord Denning àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọkọ̀ náà ṣì ń rìn, ohun tí ẹni tí ó bá ra àlòkù sì gbọ́dọ̀ máa retí nìyẹn. Ẹni tí ó ra tòkunbọ̀ lónìí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òfin lè bá a béèrè ọkọ̀ tí ó lè rìn láìléwu. Òfin kò ní bá a béèrè ọkọ̀ tuntun.

Àlébù kan ń bẹ nínú òfin ọdún 1893 fúnra rẹ̀. Ó gba òǹtajà láàyè láti fi àdéhùn yọ ìlérí náà kúrò. Àwọn oníṣòwò ńlá kò sì fi àyè náà ṣòfò. Wọ́n ń fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé pé àwọn kò ṣèlérí ohunkóhun. Àgbàrá òjò kò ní òun kò ní í wólé, onílé ni kò ní í gbà fún un. Ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà fún àgbàrá náà mọ́ ní ọdún 1973, nígbà tí wọ́n ṣe òfin pé irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò lè fa ìlérí ìdára ya lọ́wọ́ ẹni tí ó ra ọjà fún ìlò ara rẹ̀. Wọ́n tún òfin ọjà títà kọ ní ọdún 1979. Ní ọdún 1994 wọ́n pa gbólóhùn tí ó dá lórí títà sórí àtẹ tì, wọ́n sì fi èyí tí ó dá lórí ìdára tí ó tẹ́ni lọ́rùn rọ́pò rẹ̀. Ní ọdún 2015 wọ́n ṣe òfin tuntun fún ẹ̀tọ́ àwọn oníbàárà, èyí tí ó fún òǹrajà ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti dá ọjà alálèébù padà kí ó sì gba gbogbo owó rẹ̀.

Ní Nàìjíríà, Òfin Ọjà Títà ti 1893 wọlé pẹ̀lú àwọn òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti wà kí ọdún 1900 tó bẹ̀rẹ̀. Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn sọ ọ́ di ti ara rẹ̀ nínú àkójọ òfin ọdún 1959. Privy Council tí ó dá Grant láre ni ó sì jẹ́ òpin ẹjọ́ fún Nàìjíríà pàápàá títí di ọdún 1963. Ní ọdún 1992, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tí ó dá ìgbìmọ̀ ààbò àwọn oníbàárà sílẹ̀. Òfin tí ó rọ́pò rẹ̀, tí a fi ọdún 2018 pè tí Ààrẹ sì fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, sọ ohun tí àwọn adájọ́ ti ń fà yọ láti inú ìdákẹ́ jáde ní gbangba: oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tí ó yẹ fún iṣẹ́ tí a ń fi irú rẹ̀ ṣe, tí ó dára, tí kò ní àlébù, tí yóò sì lò fún àkókò tí ó bójú mu.

Síbẹ̀, lẹ́tà wẹ́wẹ́ ṣì wà lórí rìsíìtì ní ọ̀pọ̀ ilé ìtajà. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù sọ pé ọjà tí a bá rà ní ipò tí ó dára kò ṣe é dá padà. Kí olùkọ́ èdè yẹ gbólóhùn náà wò dáadáa. Ọlọ́jà rò pé ilẹ̀kùn ni òun tì. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kọ sílẹ̀ ni pé ọjà tí òun tà wà ní ipò tí ó dára; ohun tí Chandelor kọ̀ láti ṣe ní 1603, ọlọ́jà yìí ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Bí ọjà náà kò bá sí ní ipò tí ó dára, gbólóhùn náà kò kàn án.

Yorùbá kò dúró de ilé ẹjọ́ kankan kí wọ́n tó mọ ohun tí ìdákẹ́ ń sọ. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Òwe yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo abala kẹrìnlá. Òǹrajà sọ ààbọ̀, ó ní, "Ẹ ta iṣu fún mi". Inú òǹtajà ni ààbọ̀ tí ó kù wà, èyíinì ni pé kí ó jẹ́ iṣu tí ó ṣe é jẹ. Ìdí nìyí tí a fi ń fi ojú burúkú wo ẹni tí ó lu ìdí kóńgò wọ inú kí ó tó fi wọn gàárì. Kò purọ́ ní ẹnu. Ohun tí ó bàjẹ́ ni ààbọ̀ tí kò sọ. Nínú ọjà àtijọ́, irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò rí ìjà ẹgbẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà lè dé iwájú ìyálọ́jà, oníbàárà yóò sì yà kúrò nídìí àtẹ rẹ̀. Ẹni tí ó ta erùpẹ̀ ni yóò gba owó òkúta.

Ṣùgbọ́n ìdájọ́ ọjà dúró lórí pé ojú mọ ojú. Aránṣọ tí ó yá owó àjọ ra ẹ̀rọ tuntun nínú páálí tí a dì pa kò mọ ẹni tí ó ṣe é, ìlú tí wọ́n ti ṣe é sì jìnnà. Bí ẹ̀rọ náà bá kú ní ọ̀sẹ̀ kejì, nígbà tí Iléyá ku ọjọ́ mẹ́ta, àdánù rẹ̀ kì í ṣe owó ẹ̀rọ nìkan: aṣọ àwọn oníbàárà ń bẹ nílẹ̀, gbèsè àjọ ń bẹ lọ́rùn, orúkọ tí ó fi ọdún púpọ̀ kọ́ sì ń bàjẹ́ lọ. Òun gan-an ni òfin yìí wà fún, òun náà sì ni ó ṣòro fún jù lọ láti lò ó. Dókítà ni Grant, ó ní agbára láti gbé ẹjọ́ la òkun kọjá. Aránṣọ kò ní ọdún mẹ́ta tí yóò fi dúró de ìdájọ́, kò sì ní owó agbẹjọ́rò. Ohun tí ó ní ni rìsíìtì rẹ̀, bí ó bá gbà á. Ẹ̀tọ́ láti gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ àjọ tí òfin tuntun gbé kalẹ̀, bí ó bá mọ̀ pé ó wà. Àti ìgboyà láti gbé ẹ̀rọ náà padà kíákíá, bí wọ́n bá ti kọ́ ọ pé ìtìjú kò sí nínú rẹ̀.

Èyí tí ó gbẹ̀yìn yìí wà ní ọwọ́ àwọn tí ń kọ́ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbé ọjà alálèébù sí kọ̀rọ̀ ilé, tí ó wí pé orí òun ni kò gbé e fún òun. Wọ́n rò pé nítorí tí àwọn kò béèrè, àwọn kò ní ẹ̀tọ́. Bí ọmọ ilé ìwé bá mọ òwe ààbọ̀ ọ̀rọ̀ dunjú, tí kò mọ̀ pé ó kan owó tí ìyá rẹ̀ san ní ọjà lánàá, ìdajì òwe náà ni ó kọ́. Odidi rẹ̀ ni pé ẹni tí ó pàtẹ ti sọ̀rọ̀, ẹni tí ó sì gba owó ti fọwọ́ sọ̀yà.